Michael Jackson Tí Kì Í Ṣe Olórin: Ahọ́n Tó Jí Bíà Dìde

Bí a bá dárúkọ Michael Jackson, orin àti ijó ni ọkàn gbogbo ayé máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn apọntí àti àwọn tó fẹ́ràn ọtí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, Michael Jackson mìíràn wà tí wọn kò lè gbàgbé. Òun kì í kọrin, kì í sì í jó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa rìn láti ìlú dé ìlú, kí ó máa tọ́ bíà wò, kí ó sì máa kọ ohun tí ahọ́n rẹ̀ bá sọ fún un sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi orúkọ náà ṣe àwàdà. Lónìí, àìmọye ènìyàn ló ti fi í ṣe ìpèníjà fún ara wọn pé bíà kan tí àwọn kò mu rí ni àwọn yóò máa tọ́ wò lójúmọ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń ya àwòrán ife rẹ̀, tí wọ́n sì ń fún un ní máàkì lórí fóònù. Púpọ̀ nínú wọn ni kò mọ̀ pé ọ̀nà tí ọkùnrin yìí là ni àwọn ń tọ̀.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1942 ni wọ́n bí i ní Wetherby, ní agbègbè Yorkshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tó sì lọ kọ́ṣẹ́ ìròyìn ní Huddersfield. Akọ̀ròyìn ni, kì í ṣe apọntí. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn yìí yóò padà sí.

Àkókò tó bọ́ sí kò dára fún bíà. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ìpọntí ju 4,000 lọ ní ọdún 1873. Òfin tó ka ọtí léèwọ̀ láti 1920 sí 1933 pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá sì gbé ìyókù mì, débi pé ilé-ìpọntí tó kù kò tó 100 ní ìparí àwọn ọdún 1970. Bíà tí wọ́n ń tà wá jọ ara wọn bí ìbejì: ó mọ́ gaara, ó fẹ́lẹ́, ó tutù bíi yìnyín, orúkọ ara ìgò nìkan ló yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kó bíà àtijọ́ tí ìwúkàrà rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú àgbá kúrò ní ilé ọtí, wọ́n sì ń fi èyí tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n ti fi ooru pa ìwúkàrà inú rẹ̀, tí wọ́n sì fi gáàsì sí rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kan débi pé nígbà tí wọ́n lọ lo ìsinmi ní Ireland ní ọdún 1971, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ CAMRA sílẹ̀ láti gbèjà bíà ìbílẹ̀ wọn.

Ẹgbẹ́ náà ń pariwo, Jackson ní tirẹ̀ ń kọ̀wé. Ní ọdún 1977, ó gbé ìwé The World Guide to Beer jáde. Kí ìwé náà tó dé, wáìnì nìkan ni àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ̀. Ọtí òṣìṣẹ́ ni wọ́n ka bíà sí, ohun tí a ń fi pa òùngbẹ. Jackson tò wọ́n ní orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè àti ní irú sí irú. Ó sọ ọkà tí wọ́n fi pọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí omi ìlú náà ti rí, ìdí tí ọ̀kan fi dúdú tí èkejì fi kan, àti oúnjẹ tí wọ́n fi ń mu ún. Fún ẹni tó dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá, irú ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì. Ta ni kò mọ̀ pé ẹmu òwúrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹmu ìrọ̀lẹ́, pé ẹmu ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ kì í rí bákan náà lẹ́nu, àti pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí a fi àgbàdo ṣe yàtọ̀ sí ọtí bàbà? Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé ohun tí àgbà ẹlẹ́mu ń gbé sínú lọ sọ́run ni Jackson kọ sínú ìwé.

Títọ́ bíà wò ní ìlànà tirẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe yóò kọ́kọ́ wo àwọ̀ rẹ̀ àti bí ìfófó orí rẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó. Yóò gbóòórùn rẹ̀ kó tó fi kan ẹnu. Èyí tó fúyẹ́ ni yóò fi ṣáájú, èyí tó dúdú tó sì le ni yóò gbẹ̀yìn, kí ìkẹyìn má baà pa ìtọ́wò ti ìṣáájú. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó mú iṣẹ́ yìí léwu ju ti wáìnì lọ. Àwọn tó ń tọ́ wáìnì wò máa ń tu ú dànù ni. Àwọn tó ń tọ́ bíà wò sábà máa ń gbé e mì, nítorí wọ́n gbà pé ẹ̀yìn ọ̀fun ni a ti ń mọ bí hops, ewéko tó ń fún bíà ní ìkorò, ti korò tó. Ẹni tó bá ń ṣe é lójoojúmọ́, inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ń lọ.

Kí la wá rí gbà nínú rẹ̀? Ẹ wo ọ̀rọ̀ Pierre Celis. Ìlú kékeré Hoegaarden ní Bẹ́ljíọ̀mù gbajúmọ̀ nígbà kan rí fún bíà funfun, èyí tí wọ́n ń fi àlìkámà, èèpo ọsàn àti èso coriander pọn. Ní ọdún 1957, ilé-ìpọntí tó kẹ́yìn nínú wọn kógbá sílé. Celis, tó ń ta mílíìkì kiri ìlú, ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, ó sì rántí bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n. Ní ọdún 1966, ó tún un pọn. Jackson wà lára àwọn tó ròyìn bíà náà fún ayé, títí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń béèrè rẹ̀. Ní ọdún 1985, iná jó ilé-iṣẹ́ Celis, kò sì ní ìdádúró-owó tó tó láti tún un kọ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń pọn Stella Artois ló ràn án lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí olùrànlọ́wọ́ fi di onílé. Celis kó lọ sí Texas, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, lẹ́ni ọgọ́ta ọdún ó lé.

Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Jimmy Carter buwọ́ lu òfin ní oṣù Kẹwàá ọdún 1978 pé kí ẹni tó bá fẹ́ máa pọn bíà nínú ilé ara rẹ̀. Ìwé Jackson ti wà lórí àtẹ nígbà náà, àwọn tó ń gbìyànjú ìpọntí nínú ìkòkò ilé ìdáná wọn sì fi ṣe atọ́nà: wọ́n ń ka nípa bíà tí wọn kò rí rí, wọ́n sì ń gbìyànjú láti pọn ọ́n. Lára wọn ni àwọn kan ti dá ilé-ìpọntí kéékèèké sílẹ̀. Lónìí, ilé-ìpọntí orílẹ̀-èdè náà ju 9,000 lọ. Bẹ́ljíọ̀mù pàápàá mọ oore tí Jackson ṣe fún un, nítorí ní ọdún 1994, Ọmọ Ọba Philippe fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún bó ṣe gbé bíà wọn lárugẹ lókè òkun.

Ìkẹyìn rẹ̀ ló ṣeni láàánú. Láàárín ọdún mélòó kan, àwọn tó ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró dáadáa. Wọ́n ní ó ti mutí yó. Ta ni yóò rò ó sí ohun mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé ọtí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ní oṣù Kejìlá ọdún 2006 ló tó sọ ọ́ ní gbangba pé àìsàn Parkinson ló ń bá òun jà, ó sì ti wà lára òun fún bí ọdún mẹ́wàá. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, lẹ́ni ọdún 65.

Nígbà náà, iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ogunlọ́gọ̀. Ojúlé RateBeer bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2000, Untappd sì dé sórí fóònù ní 2010. Ẹnikẹ́ni lè tọ́ bíà wò báyìí kí ó sì dájọ́. Ohun rere ni, nítorí apọntí tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lè di olókìkí láàárín òru ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ẹni tó ń lépa iye kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ adùn. Bíà tó le, tó dúdú, tó korò gan-an, ló máa ń gba máàkì gíga, torí pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń tọ́ ọ wò. Èyí tó rọrùn láti mu títí ilẹ̀ fi ṣú, tí Jackson mọ iyì rẹ̀, a máa wà nísàlẹ̀.

Ohun tó burú jùyẹn lọ ṣì ń bọ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, àṣírí tú pé ẹ̀ka AB InBev kan ti ra ìpín nínú RateBeer. AB InBev yìí ni ilé-ìpọntí tó tóbi jù lọ lágbàáyé. Òun ni Stella Artois di, òun ló ni Hoegaarden, òun ló sì ra SABMiller ní 2016, tí bíà Trophy tí wọ́n ń pọn ní Iléṣà fi bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń du ipò kìíní wá di ẹni tó ní ìwé tí wọ́n ń kọ máàkì sí. Olùdásílẹ̀ Dogfish Head ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ bíà òun kúrò lójú òpó náà, nítorí kò sí bí adájọ́ ṣe lè jẹ́ ọmọ iṣẹ́ olùdíje. Ní 2019, AB InBev ra gbogbo rẹ̀ tán. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n ti ojúlé náà pa, pẹ̀lú gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ti fi ahọ́n ara wọn kọ síbẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

Ìwé àti àkọsílẹ̀ Michael Jackson ní tirẹ̀ bọ́ sí ilé-ìkàwé Yunifásítì Oxford Brookes lẹ́yìn ikú rẹ̀.