Gbẹrẹfù: Kànga Ìgbàgbé àti Àwọn Tí Kò Gbàgbé

  

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ibi tí ọ̀rọ̀ wa yà sí lọ́sẹ̀ yìí kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ wa kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Ìlú kékeré kan ni, lórí erékùṣù tóóró kan. Ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, òkun ńlá wà níwájú rẹ̀. Gbẹrẹfù ni wọ́n ń pè é, ó sì wà ní òdìkejì omi sí Àgbádárìgì, ìlú tí òyìnbó ń kọ ní Badagry.

Ẹni tó bá jí kúrò ní Abẹ́òkúta láàárọ̀, tó gba Ìfọ̀ àti Ọ̀tà, tó já sí Agbára, yóò bọ́ sí títì tó ti Èkó lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ojú títì yẹn ni Àgbádárìgì wà. Létí ọ̀sà níbẹ̀, ènìyàn á wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi gúnlẹ̀ sí Gbẹrẹfù. Àwọn Ègùn àti àwọn Ìlàjẹ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹja pípa àti àgbọn ni wọ́n fi ń jẹun. Láti ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, ìrìn ẹsẹ̀ lórí yanrìn ló kù kí ènìyàn tó dé etí òkun. Ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n ń da àwọn ẹrú gbà, tọ̀wọ́ tẹsẹ̀ wọn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, lọ sínú ọkọ̀ òyìnbó. Òpó méjì tí wọ́n kọ́ sétí òkun ló ń tọ́ka ibẹ̀ lónìí. Ibi Àìpadàbọ̀ ni wọ́n sọ ọ́.

Kí ènìyàn tó dé ibi òpó méjì yẹn, kànga kan wà lójú ọ̀nà. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ ni pé wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi kànga náà mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí ọkàn ìjà sì kúrò lára wọn. Àwa Mùsùlùmí mọ̀ pé omi kò ní agbára lórí ọkàn ẹ̀dá, Ọlọ́hun nìkan ló ni ín. Ṣùgbọ́n ìtàn náà tọ́ kí á dúró tì. Ta ló gbàgbé gan-an? Ṣé àwọn tí wọ́n kó lọ ni, àbí àwa tí a kù nílé?

Ọmọ ilé kéwú kan béèrè ohun méjì lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́: "Áfáà, ṣé Mùsùlùmí wà lára àwọn tí wọ́n tà?" Èkejì: "Ṣé Mùsùlùmí wà lára àwọn tó ń tà?" Bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn sí méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí á mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn tí wọ́n tà

Ìṣirò àwọn onímọ̀ ìtàn ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 àbọ̀ ènìyàn ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà lọ sí òkè òkun láàárín nǹkan bíi 350 ọdún. Nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í túká, tí ogun sì gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá kan, àwọn Yorùbá wá pọ̀ gan-an nínú ọjà yìí. Ogun wọ̀nyẹn ló tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá àtijọ́ ká, kí Ṣódẹkẹ́ tó kó àwọn tó ṣẹ́kù wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Ẹni tí ọwọ́ ogun bá bà, Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ tàbí Ouidah ni wọ́n ń fà á lọ. Ìbọn, ẹ̀tù, ọtí, owó ẹyọ àti tábà tó ti Bahia wá ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀.

Ní Bahia yẹn, ní ilẹ̀ Bràsíl, ni àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ti fi hàn pé àwọn kò gbàgbé. Malê ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè wọ́n, láti inú "Ìmàle" tí àwa náà ń jẹ́. Wọ́n ń kọ́ ara wọn ní kéwú ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n ń kírun, wọ́n sì ń gba ààwẹ̀. Ní òru tó mọ́ 25 Oṣù Kìíní 1835, nínú ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn Ràmàdáánì ọdún 1250 Híjírà, nǹkan bí 600 nínú wọn dìde ogun sí àwọn tó kó wọn lẹ́rú ní ìlú Salvador. Ìjọba ṣẹ́gun wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó sì lé ní 70 tó kú. Wọ́n bá ìwé tí wọ́n fi èdè Lárúbáwá kọ lára àwọn tó kú àti nínú ilé wọn. Díẹ̀ nínú àwọn ìwé náà ṣì wà nípamọ́ ní Bahia títí di òní.

Olùkọ́ wọn kan ń jẹ́ Licutan. Arúgbó ni, Yorùbá sì ni. Ọ̀gá rẹ̀ jẹ gbèsè, wọ́n wá ti Licutan mọ́lé láti tà á san gbèsè náà, bí ẹni ń ta àga tàbí tábìlì. Àwọn Mùsùlùmí ti kó owó jọ kí wọ́n lè rà á sílẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló wà nígbà tí àwọn Ìmàle ya lu ibẹ̀ láti yọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn kò rí i yọ. Nígbà tí adájọ́ bi í ní orúkọ, ó ní Bilal ni òun ń jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ mọ Bilal: ẹrú tí wọ́n gbé òkúta lé láyà nínú oòrùn Mẹ́kà, tí Àbú Bákà rà sílẹ̀ lómìnira, tí ó sì di olùpèrun Ànábì. Baba arúgbó yìí dúró níwájú adájọ́ ní ilẹ̀ àjèjì, ó sì yan orúkọ ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀. Ṣé ẹni tó mu omi ìgbàgbé nìyẹn?

Àwọn mìíràn sì padà wálé, bí wọ́n tilẹ̀ sọ etí òkun yẹn ní Ibi Àìpadàbọ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fi òfin de òwò ẹrú fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń sọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sí Sàró. Láti nǹkan bíi 1839 ni àwọn Ẹ̀gbá tó wà níbẹ̀ ti ń wọ ọkọ̀ padà. Àgbádárìgì ni ọ̀pọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n tó gba ojú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Samuel Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó ní Ọ̀ṣọ́ògùn ní 1821, gba Àgbádárìgì wọlé ní 1845. Ní Oṣù Kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta wa níbí, òun àti ìyá rẹ̀ fojú kan ara wọn lẹ́yìn ọdún 25. Kírísítẹ́nì ni, àlùfáà ìjọ wọn sì ni, ṣùgbọ́n omijé ìyá àti ọmọ kò ní ẹ̀sìn tí kò yé.

Àwọn Mùsùlùmí náà wà lára àwọn tó padà. Muhammad Shitta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Waterloo ní Sàró, bá àwọn òbí rẹ̀ wá sí Àgbádárìgì ní 1844 kí wọ́n tó kọjá sí Èkó. Òun ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Oyè "Bey" yẹn, Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì ló fi dá a lọ́lá.

Àwọn tó tà

Ìbéèrè kejì ló le, ìdí nìyẹn tí a kì í fi sọ ọ́ lórí mìńbárì. Òyìnbó kì í wọ inú igbó lọ mú ènìyàn fúnra rẹ̀. Àwa dúdú la ń jagun, àwa la ń mú ẹrú, àwa la ń dá iye lé wọn. Ìyá wa Ẹfúnróyè Tinúubú, tí ère rẹ̀ wà ní Ìta Ìyálóde, tó di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, akíkanjú obìnrin ni. Iyọ̀, tábà àti ẹrú ló sì fi di ọlọ́rọ̀ ní Àgbádárìgì.

Ní Àgbádárìgì kan náà, ilé Sèríkì Williams Abass ṣì wà tí àwọn àlejò ń wọ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọmọ Ìjògá-Orílé ni, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Wọ́n mú un lẹ́rú ní kékeré, wọ́n gbé e dé Bràsíl, ó kọ́ èdè òyìnbó, ó sì padà wá di oníṣòwò ẹrú fúnra rẹ̀. Iyàrá 40 ni wọ́n ní wọ́n fi ń kó ẹrú sí ní ilé náà, títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ó jẹ oyè Sèríkì láàárín àwọn Mùsùlùmí, ó sì kú ní 1919. Ẹni tí wọ́n ti tà rí ló ń tà yìí, kò sì sí omi ìgbàgbé tó mu. A kò sọ ọ́ láti bú òkú, iṣẹ́ kálukú wà lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. À ń sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé gèlè tàbí láwàní lè dí ẹni lọ́wọ́ ìwà ìkà bí ìbẹ̀rù Ọlọ́hun kò bá sí lọ́kàn.

Àwọn kan yóò ní kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó burú nígbà náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú hádíìsì tí Abu Hurayra gbà wá, tí Bukhari sì kọ sílẹ̀, Ànábì sọ fún wa pé ènìyàn mẹ́ta wà tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ ìgbéǹde. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ta ọmọlójú ọmọ, ọmọ tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, tó sì jẹ owó rẹ̀. Súrà Balad ka títú ọrùn ẹrú sílẹ̀ mọ́ gígun òkè tó nira tó sì lérè. Súrà Taobah sì ya ìpín sọ́tọ̀ nínú sàká fún ìdásílẹ̀ àwọn tó wà nínú ìgbèkùn.

Ní 1615, Áfáà Ahmad Baba ti Timbuktu kọ ìwé kan, Mi'raj al-Su'ud, láti dáhùn ìbéèrè àwọn ará Tuwat lórí ẹrú rírà. Òun fúnra rẹ̀ mọ bí ẹ̀wọ̀n ṣe ń dunni, nítorí ọmọ ogun Mòrókò ti dè é lọ sí Marrakesh ní 1594. Ó ní àwọ̀ dúdú kì í ṣe ìdí láti sọ ẹnikẹ́ni di ẹrú, Mùsùlùmí tí kì í ṣe ẹrú kò ṣeé tà láéláé, ẹni tí orísun rẹ̀ kò bá sì yé ni kò yẹ ní rírà. Ẹ jẹ́ kí á sọ èyí tó kù pẹ̀lú: ìwé yẹn wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí orúkọ Yorùbá ti hàn, àárín àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, tí wọ́n lè kó lẹ́rú, ló sì to Yorùbá sí. Ìmọ̀ áfáà ńlá náà ní ibi tí ó parí sí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà tí wọ́n ń tà kò tilẹ̀ pa ìwọ̀nba ààlà tó fà sílẹ̀ mọ́. Ogun kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó ń kírun kó tó dè é. Owó ló borí òfin.

Ọjà náà kò tíì tú

Kò sí ọkọ̀ ẹrú létí òkun Gbẹrẹfù mọ́, ṣùgbọ́n ajẹ́ńtì wà ládùúgbò wa. Yóò wá bá ìyá tó ní ọmọbìnrin, yóò ní iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ wà ní Òmáànì tàbí ní Lẹ́bánónì. Fún àwa Mùsùlùmí, ó tún ní adùn kan tó máa ń fi kún un: "Ilẹ̀ Lárúbáwá ni, yóò máa gbọ́ ìpè ìrun, ó sì lè rí Mẹ́kà." Nígbà tí ọmọ bá débẹ̀, wọ́n lè gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè má san owó iṣẹ́ rẹ̀, wọn a sì sọ fún un pé àwọn ti rà á. Àwọn mìíràn gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, ibẹ̀ ni wọ́n ti tà wọ́n. Ẹni tó gba owó lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ dúró sí ibi tí hádíìsì yẹn ń tọ́ka sí.

Nítorí náà, kí òbí tó gbà, kó béèrè ìwé àṣẹ tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ fún ajẹ́ńtì náà. Kó gba orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ọmọ ń lọ bá. Bí ọ̀rọ̀ bá rú u lójú, kó lọ sọ́dọ̀ NAPTIP, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti gbógun ti òwò ènìyàn. Ilé tiwa náà ńkọ́? Ọmọ ọ̀dọ̀ tí a mú wá láti abúlé, tó ń sùn kẹ́yìn, tó ń jí ṣáájú, tí àwọn ọmọ wa ń lọ sí ilé kéwú tí òun ń gbálẹ̀, kí ni orúkọ tí a fẹ́ pe ìyẹn?

Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ wo Gbẹrẹfù. Ọjọ́ kan tó fún àlọ àti àbọ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ wẹ̀ nínú òkun ibẹ̀, ìgbì rẹ̀ le. Kí ẹnikẹ́ni má tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ kànga, Ọlọ́hun nìkan ni kí ẹ tọrọ lọ́wọ́ Rẹ̀. Ẹ kírun níbẹ̀ bí àkókò ìrun bá tó. Kí ẹ sì sọ ìtàn Licutan fún àwọn ọmọ, kí ẹ má fi ti Sèríkì pamọ́ fún wọn.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn Mùsùlùmí tó kọjá lójú ọ̀nà yẹn, kó dá àwọn tó wà nínú ìgbèkùn lónìí sílẹ̀, kó má sì jẹ́ kí owó ènìyàn wọ inú ilé wa. Āmīn.