Ìtàn Ọṣẹ Dúdú àti Òrí: Kí Ni À Ń Pè Ní Ìpara Ilẹ̀ Wa?

Tòmátì àti ata ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ ọjà Mile 12 mọ́. Ọkọ̀ ńláńlá ń kó wọn wá láti Òkè Ọya, àtàwọn àlùbọ́sà àti iṣu pẹ̀lú, àwọn ará Kétu, Ìkòsí àti gbogbo Èkó sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti rà á. Ìhà tí tòmátì ti ń bọ̀ náà ni òrí ti ń bọ̀. Lónìí, ẹni tí ó bá ń wá ìpara tí kò ní kẹ́míkà líle nínú yóò rí òrí, àdín, osùn àti ọṣẹ dúdú rà ní ọjà Èkó, yóò sì tún gbọ́ orúkọ tuntun kan lẹ́nu àwọn ọlọ́jà: "ọ̀gáníìkì". Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí á fi ìtàn yẹ̀ wò, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń se ọṣẹ, kí ni yóò fi mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí òrí. Ní Kirikongo, ní ilẹ̀ Burkina Faso, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń wa ilẹ̀ láti pìtàn rí èèpo kóró òrí tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó nǹkan bí ọdún 100 lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísá. Ẹlẹ́rìí kejì jẹ́ Mùsùlùmí. Ibn Battuta, ọmọ ilẹ̀ Mọ̀rókò, la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá ní ọdún 1352, ó sì wọ ilẹ̀ ọba Mali, ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ so orúkọ Ìmàle tí à ń jẹ́ mọ́. Ó ròyìn èso kan tí àwọn ará ibẹ̀ ń fún epo láti inú kóró rẹ̀. Ó ní wọ́n ń fi sè oúnjẹ, wọ́n ń fi tan fìtílà, wọ́n ń fi para, wọ́n sì tún ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ilé. Àwọn onímọ̀ gbà pé òrí ni. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe àná ni wọ́n ti ń fi òrí para!

Iṣẹ́ obìnrin ni òrí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú igbó ọ̀dàn ni igi rẹ̀ ń hù fúnra rẹ̀, láti Òkè Ògùn ní ìhà Ṣakí àti Kìṣí títí dé Kwara àti ìpínlẹ̀ Niger, ó sì lè tó ọdún 15 sí 20 kí ó tó so dáadáa. Àwọn obìnrin a ṣa èso tí ó já bọ́, wọn a se é, wọn a sá a, wọn a fọ́ èèpo rẹ̀, wọn a yan kóró rẹ̀, wọn a gún un, wọn a lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn a bu omi sí i, tí wọn a máa fi ọwọ́ lù ú títí tí ọ̀rá rẹ̀ yóò fi léfòó bí ìfófòó funfun. Ọ̀rá yìí ni wọn a sè, tí wọn a sì sẹ́. Kò sí kẹ́míkà kankan nínú gbogbo rẹ̀, bí kò ṣe iná, omi àti apá ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá kíkó kóró òrí lásán lọ sí òkè òkun dúró fún oṣù 6, kí á lè máa fún un nílé kí á tó tà á. Ó pẹ́ kí òfin bẹ́ẹ̀ tó dé.

Ọṣẹ dúdú ní tirẹ̀, eérú àti epo ni. Wọn a sun òkú ìdì ẹyìn, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tàbí èèpo kòkó di eérú. (Èèpo kòkó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní àtọwọ́dọ́wọ́ yìí, àlejò ni òun náà o, ìparí ọ̀rúndún 19 ni kòkó tó gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa.) Wọn a kó eérú náà sínú ajere, wọn a da omi lé e, omi tí ó bá kán jáde nísàlẹ̀ a máa ta ọwọ́. Omi eérú yìí ni wọn a sè pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa, tí wọn a máa rò ó títí yóò fi di ọṣẹ. Èròjà tí òyìnbó ń pè ní potassium ni ó wà nínú eérú, òun ni kì í jẹ́ kí ọṣẹ náà le, tí ó fi ń fa omi mọ́ra. Sodium ni ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò, ìdí nìyí tí ọṣẹ tiwọn fi ń le gbagidi. Ilé-iṣẹ́ a sì tún máa yọ glycerine, èyí tí ń mú awọ ara rọ̀, kúrò nínú ọṣẹ láti tà á lọ́tọ̀. Nínú ọṣẹ tiwa, inú rẹ̀ ni ó ń wà.

Báwo ni ọṣẹ yìí ṣe wá di ohun tí à ń tijú? Òwò ni ó fà á. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, epo pupa àti ẹkùrọ́ ni wọ́n ń wá lọ́dọ̀ wa, pàápàá fún ọṣẹ sísè. Wọ́n gba Èkó ní 1861. Ní 1888, William Lever bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú ọṣẹ rẹ̀, Port Sunlight, sí ẹ̀bá Liverpool, nígbà tí ó sì di ọdún 1923, ilé-iṣẹ́ Lever Brothers fìdí kalẹ̀ ní Nàìjíríà, ó sì kọ́ ilé ọṣẹ sí Àpápá. Epo tí ó ti ilẹ̀ wa lọ ni ó padà wá bá wa nínú páálí, pẹ̀lú òórùn dídùn. Ọṣẹ dúdú wá di ọṣẹ ará oko. Nínú ilé Mùsùlùmí, ó tún ní ẹ̀sùn mìíràn lọ́rùn: nítorí pé àwọn oníṣègùn máa ń gún oògùn mọ́ ọn, àwọn kan kò fẹ́ rí i nílé rárá. Lójú tèmi, ẹ̀sùn náà kò kan ọṣẹ. Eérú àti epo kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹbọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó pé 100 ọdún, ilé-iṣẹ́ kan náà, tí ó ti ń jẹ́ Unilever Nigeria, kéde pé òun ń jáwọ́ nínú ṣíṣe Omo, Sunlight àti Lux ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ọṣẹ olóòórùn dídùn kò pa ẹnikẹ́ni lára bí irú kejì tí ó tẹ̀ lé e, èyíinì ni ọṣẹ àti ìpara tí ń bó ara. Mákúrì wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ó máa ń dí ohun tí ń fún awọ ní dúdú lọ́wọ́, ó sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú kíndìnrín. Ní ọdún 1972, àwọn dókítà ní Nairobi kọ ìròyìn lórí àwọn aláìsàn kíndìnrín 60. Ju ìdajì wọn lọ ni ó ti lo ìpara mákúrì. Ní 1976, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n para pọ̀ fi òfin dè é fún àwọn ènìyàn tiwọn, síbẹ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀ ṣì ń ṣe é fún títà ní Áfíríkà. Ọdún 2003 ni wọ́n tó fòfin de kíkó ọṣẹ náà jáde. Ọdún 27 ni ó wà láàárín méjèèjì! Nígbà tí à ń wí yìí, hydroquinone ti dé. Gúúsù Áfíríkà ti dè é láti 1990. Àwa dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ ní 1993, a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn Minamata tí ó de mákúrì ní 2013. Ọ̀rọ̀ àwọn àlùfáà wa lórí yíyí ìṣẹ̀dá Ọlọ́hun padà, ẹ ti gbọ́ ọ tó, n kò ní tún un wí.

Nísinsìnyí tí òrí àti ọṣẹ dúdú ti padà níyì, ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé orúkọ wọn nìkan ni àwọn kan ń lò. Wọn a po ẹ̀tù abóra mọ́ ọṣẹ, wọn a sì kọ "ọ̀gáníìkì" sí i lára. Ìtàn tí a sọ yìí ni kí ẹ fi dán wọn wò. Eérú àti epo kò lè sọ dúdú di pupa, nítorí náà ọlọ́jà tí ó bá ṣe ìlérí pé ara yóò mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé nǹkan mìíràn wà nínú ọjà òun. Òrí gidi a máa yọ́ ní àtẹ́lẹwọ́, ó sì ní òórùn èéfín díẹ̀. Làálì tòótọ́ pupa rẹ́súrẹ́sú ni ó ń yọrí sí. Èyí tí ó bá dúdú kirikiri lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, aró irun ni ó sábà máa ń wà nínú rẹ̀, ó sì lè bó ìyàwó lọ́wọ́. Bí eérú bá sì pọ̀ jù nínú ọṣẹ dúdú gan-an, yóò ta ara ìkókó. Apá ni kí ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò.

Ti tìróò ni ó le jù, nítorí pé láti inú ilẹ̀ ni ó ti wá, kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tí ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ òbí ń lé e fún ọmọ nítorí sùná. Ṣùgbọ́n ithmid ni orúkọ èyí tí Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) yìn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń túmọ̀ sí antimony, nígbà tí ó jẹ́ pé òjé ni ó pọ̀ jù nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ tà ní ọjà wa. Ní ọdún 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù 6 kan tí àwọn òbí rẹ̀ tan mọ́ Nàìjíríà. Wọ́n wádìí títí wọ́n fi kan tìróò tí mọ̀lẹ́bí kan rà lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri ọjà nílé níbí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, nínú ìwọ̀n 100, òjé kó ju 80 lọ. Àwọn òbí náà dá tìróò dúró, òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.