Fọ́tò, Àlùmọ́gàjí àti Ìwádìí: Ìtàn Iṣẹ́ Romare Bearden

Kọ́láàjì ni iṣẹ́ ọnà tí a ń fi gígé àti lílẹ̀ ṣe: a ó gé fọ́tò, bébà tàbí aṣọ, a ó tò ó, a ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó títí yóò fi di àwòrán tuntun. Romare Bearden wà lára àwọn tí orúkọ wọn rinlẹ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Kọ́láàjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n olùwádìí ni pẹ̀lú, fọ́tò ló sì so iṣẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1911 ni wọ́n bí i ní ìlú Charlotte, ní North Carolina. Ó ṣì kéré nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sí New York. Oníròyìn ni Bessye ìyá rẹ̀, Bearden náà sì ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn Baltimore Afro-American. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Art Students League lọ́dọ̀ George Grosz, ará Jámánì tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Dada ní Berlin, àwọn tó ń gé fọ́tò inú ìwé ìròyìn láti fi bẹnu àtẹ́ lu àwọn aláṣẹ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní.

Kí fọ́tò tó di ohun èlò lọ́wọ́ Bearden, olùkọ́ ló kọ́kọ́ jẹ́ fún un. Ó ní kí wọ́n fi fọ́tósítáàtì, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò ìwé tàbí àwòrán láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, sọ àwòrán àwọn ọ̀gá àtijọ́ bíi Giotto, Duccio, Veronese àti Rembrandt di ńlá. Ẹ̀dà aláìláwọ̀ yìí ló ń wò yà, àwọ̀ tó wù ú ló sì ń kùn ún. Ohun tó ń wá ni bí àwọn àgbà náà ṣe pín ojú àwòrán: ibi tí wọ́n to ènìyàn sí àti ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Ní ọdún 1963, nígbà tí ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú gbóná, òun, Hale Woodruff, Norman Lewis, Charles Alston àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán dúdú kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Spiral. Bearden dábàá pé kí gbogbo wọn jọ ṣe kọ́láàjì. Àbá náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ló bá ń dá a ṣe. Ó ń gé ojú, ọwọ́, ilé àti ère Áfíríkà nínú àwọn ìwé ìròyìn aláwòrán. Reginald Gammon, ọmọ ẹgbẹ́ náà, ló mú ìmọ̀ràn wá pé kó sọ àwọn kọ́láàjì náà di ńlá. Fọ́tósítáàtì tó fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá àtijọ́ náà ló tún padà sí. Ní oṣù Kẹwàá 1964, ó pàtẹ wọn ní ilé àfihàn Cordier & Ekstrom ní New York, ó sì pe àkọlé wọn ní Projections.

Nínú àwọn iṣẹ́ yìí, ojú ẹnì kan lè jẹ́ àkópọ̀ fọ́tò púpọ̀, ọwọ́ sì lè tóbi ju orí lọ. Ó dà bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ dàrú, àmọ́ ìlà òòró àti ìlà ìbú tó rí kọ́ lára àwọn àgbà ló dì í mú. Nínú The Dove, tó wà ní Museum of Modern Art, ẹyẹlé kan bà sókè ẹnu ọ̀nà níbi tí èrò kún ìgboro. Nígbà tó yá, àwọ̀ àti aṣọ pọ̀ sí i nínú iṣẹ́ rẹ̀. The Block, tó ṣe ní 1971 nípa òpópónà kan ní Harlem, jẹ́ pátákó mẹ́fà tí gígùn wọn lápapọ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 18.

Bó ṣe ń ṣe kọ́láàjì, ìwádìí rẹ̀ nípa iṣẹ́ ọnà kò dúró. Ní 1967, òun àti Carroll Greene ṣètò àfihàn iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà dúdú láti 1800 dé 1950. Òun àti Harry Henderson kọ Six Black Masters of American Art ní 1972. Bearden kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 1988. Ìwé ńlá tí òun àti Henderson jọ kọ nípa ìtàn àwọn oníṣẹ́ ọnà dúdú Amẹ́ríkà jáde ní 1993.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà lónìí, iṣẹ́ yín yá ju ti Bearden lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gé e, ẹ kọ́kọ́ wò ó fínnífínní.