Òjò Ń Ṣú, Ta Ni Yóò Kà Á? Ìtàn Àsọtẹ́lẹ̀ Ojú-Ọjọ́ láti Ilẹ̀ Yewa

Ọ̀rọ̀ tí ó wà níwájú wa kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, nítorí òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni èyí: báwo ni ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti mọ ohun tí ojú ọ̀run fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é? Èwo nínú ìmọ̀ náà ni ará Ayétòrò lè fi ọkàn tẹ̀, èwo sì ni kò gbọdọ̀ fi gbogbo ara lé?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe eré. Àgbẹ̀ tí ó gbin àgbàdo sí òjò àkọ́rọ̀, tí òjò náà sì sá lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, irúgbìn rẹ̀ ti kú sínú ilẹ̀. Owó tí yóò fi ra òmíràn lè jẹ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Ẹni tí ó sì kọ́lé sí etí odò nítorí pé omi kò dé ibẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá, kì í ṣe dúkìá nìkan ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìlú Ayétòrò, tí a dá sílẹ̀ ní 1902, gba orúkọ rẹ̀ lára ìsinmi tí ó tẹ̀lé ogun: ayé tòrò. Kí Faransé tó ṣẹ́gun Dahomey ní 1894, ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò ìbẹ̀rù ní gbogbo ẹkùn Yewa àti Kétu. Ìgbà tí odò bá fà, tí iná bá sì ti jó koríko tán, ni ọmọ-ogun Dahomey máa ń jáde. Ìkọlù wọn méjì tí ó lókìkí jù lọ sí Abẹ́òkúta, ti ọdún 1851 àti ti ọdún 1864, oṣù Kẹta ni méjèèjì bọ́ sí, kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó bá mọ ìgbà tí òjò yóò dé, ó mọ ìgbà tí ọ̀nà ogun yóò dí. Ìmọ̀ ojú-ọjọ́ kì í ṣe ti oko nìkan; ó jẹ́ ti ààbò ìlú pẹ̀lú.

Ibi tí Ayétòrò wà lórí ilẹ̀ sì mú kí ọ̀rọ̀ òjò ibẹ̀ le ju ti àwọn ìlú mìíràn lọ. Láti Accra, gba Lomé kọjá, títí dé ilẹ̀ Benin, òjò kò pọ̀ tó bí ó ti yẹ kí ó pọ̀ nítòsí òkun. Àwọn onímọ̀ ń pe ẹkùn náà ní Dahomey Gap. Ìdí kan ni pé afẹ́fẹ́ olómi tí ń ti òkun bọ̀ ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ èbúté náà lọ dípò kí ó kọlù ú. Ìdí kejì ni omi tútù tí ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní etí ilẹ̀ Ghana àti Côte d'Ivoire. Ayétòrò wà ní ojú ààlà ẹkùn yìí, níbi tí igbó ti ń di ọ̀dàn. Àwọn oníwádìí níbẹ̀ kọ ọ́ pé nǹkan bí 960 mìlímítà òjò ni ń rọ̀ lọ́dún, ní nǹkan bí ọjọ́ 74. Bẹ́ẹ̀ Èkó ń gbà ju 1,500 lọ. Níbi tí òjò bá ti pọ̀, ènìyàn lè ṣì í kà kí ó má nìkan dù ú. Níbi tí ó bá ti mọ níwọ̀n, àṣìkà díẹ̀ a di ìyàn.

Kí ni àwọn àgbà ń wò kí kọ̀ǹpútà tó dé? Wọ́n ń wo ìhà tí ẹ̀fúùfù ti ń wá. Bí ọyẹ́ bá ti dáwọ́, tí atẹ́gùn láti gúúsù bá ń fẹ́ wọlé lójoojúmọ́, wọ́n mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Wọ́n ń wo igi ìrókò bí ó ṣe ń rú ewé tuntun, wọ́n ń gbọ́ igbe kọ̀ǹkọ̀ lẹ́bàá àbàtà, wọ́n sì ń wo èèrà bí ó ti ń kó ẹyin rẹ̀ kúrò nínú ilẹ̀. Kò sí èyí tí a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú wọn. Igi àti kòkòrò ń mọ ọ̀rinrin lára kí àwa tó mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àmì wọ̀nyí ń sọ ohun tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni. Wọn kò lè sọ bóyá òjò tí ó bẹ̀rẹ̀ náà yóò dúró.

Àwọn Yorùbá fúnra wọn kò sọ pé ìran kan ṣoṣo tó. Wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà rí i ní ibi tí ẹ kò retí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikú ni ó mú kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ojú-ọjọ́ tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 1859, ìjì fọ́ ọkọ̀ Royal Charter ní etí Wales. Àwọn tí ó kú ju 400 lọ. Robert FitzRoy, ọ̀gágun ojú omi, wá lo wáyà tẹligíráfù láti kó ìròyìn báròmítà jọ láti èbúté sí èbúté. Ní 1861 ó bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ ìjì fún àwọn atukọ̀, ní ọdún kan náà sì ni ìwé-ìròyìn The Times bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ jáde. Àwọn ènìyàn fi í ṣẹ̀sín nígbà tí kò bá ṣẹ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Lewis Fry Richardson dá a lábàá, nínú ìwé tí ó kọ ní 1922, pé afẹ́fẹ́ ń tẹ̀lé òfin, nítorí náà a lè fi ìṣirò bá a rìn. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti ṣírò wákàtí mẹ́fà péré nínú ọjọ́ kan ní 1910, èsì tí ó sì rí jìnnà pátápátá sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà náà tọ́; ọwọ́ ènìyàn ni kò yá tó. Ní 1950, Jules Charney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ENIAC, ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́, ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Wákàtí 24 ni ó gbà wọ́n láti sọ ojú-ọjọ́ wákàtí 24 tẹ́lẹ̀. Ní 1979, ibùdó tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ dá sílẹ̀ sí Reading bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀.

Ní 1963 ni Edward Lorenz fi hàn pé àṣìṣe bíńtín nínú ohun tí a kọ́kọ́ wọ̀n lè di ńlá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Èyí ni ó fà á tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò kan náà ní ọ̀pọ̀ ìgbà láti 1992, tí wọ́n ń yí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Bí gbogbo èsì bá fohùn ṣọ̀kan, ọkàn a balẹ̀. Bí wọ́n bá tú ká, a ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò dájú. Ibùdó ńláńlá sì ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́. Kí ni èyí bí kò ṣe ọgbọ́n babaláwo tí kò fi ìdífá ẹ̀ẹ̀kan ṣe ọdún? Ìmọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ tí ó wà nínú wọn bára mu.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ibi tí òjò ti ń dì. Ní Amẹ́ríkà, bí ìgbà òtútù bá dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń jókòó ti àwòrán kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ márùn-ún kí ìjì òjò dídì tó dé. Wọ́n á fi ìṣirò ti Amẹ́ríkà wé ti Yúróòpù, wọ́n á sì máa jiyàn. Ní oṣù Kìíní 2015, a kìlọ̀ fún New York pé òjò dídì lè ga tó ínṣì 20 sí 30. Ìṣirò Yúróòpù ni ó sọ ọ́ jù; ti Amẹ́ríkà tuntun sọ pé kò ní tó bẹ́ẹ̀ nínú ìlú. Ìjọba ti ọkọ̀ ojú-irin abẹ́ ilẹ̀ pa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Central Park kò rí tó ínṣì mẹ́wàá. Gary Szatkowski, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú iṣẹ́ ojú-ọjọ́ ìjọba, tọrọ àforíjì ní gbangba. Ṣùgbọ́n ní Boston, òjò dídì náà ju ínṣì 24 lọ. Ìjì náà dé. Ó kàn yà sí ìlà-oòrùn díẹ̀ ni.

Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ kọ́ pé irọ́ ni àsọtẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ òdì ni ó kọ́. Ní oṣù Kejìlá 2022, a kìlọ̀ fún Buffalo ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, ìjì náà sì dé bí a ti wí. Síbẹ̀ ó ju 40 ènìyàn lọ tí ó kú ní agbègbè náà. Ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ohun tí ń bọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ẹsẹ̀ ènìyàn kúrò lọ́nà rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí kọ̀ǹpútà bá lè mọ ìjì Boston, kí ló dé tí kò fi mọ òjò ọ̀la ní Ayétòrò? Ìjì òjò dídì tóbi. Ó lè bo ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà, ó sì ń rìn bí ọmọ-ogun tí a rí lókèèrè. Òjò tiwa, oòrùn ọ̀sán ni ń sè é bí omi inú ìkòkò. Ó lè pa Ìgbógìlà kí ó fi Ayétòrò sílẹ̀. Ní 2018, Peter Vogel àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Karlsruhe, Jámánì, tẹ àyẹ̀wò kan jáde lórí àsọtẹ́lẹ̀ òjò láti ọ̀pọ̀ ibùdó ńláńlá àgbáyé fún ilẹ̀ olóoru àríwá Áfíríkà. Wọ́n rí i pé àsọtẹ́lẹ̀ ọjọ́ kan sí márùn-ún náà, bí ó ti ń jáde láti inú kọ̀ǹpútà láìtún un ṣe, kò sàn ju kí ènìyàn wo àkọsílẹ̀ òjò àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ kíyè sí i: àkọsílẹ̀ tí ó pé ọdún púpọ̀ kò kéré sí ẹ̀rọ olówó iyebíye.

Ìdí mìíràn ni pé ibi tí a ti ń wọn afẹ́fẹ́ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pàgọ́ sí Kumasi, sí Ṣábẹ̀ẹ́ ní ilẹ̀ Benin, àti sí Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n ń fi bàlúùnù wọn òfuurufú, ọkọ̀ òfuurufú sì ń gbéra láti Lomé. Ìkùukùu tí ń rọ̀ sílẹ̀ ní òru, tí kì í jẹ́ kí oòrùn ràn títí di ọ̀sán ní àkókò òjò, ni wọ́n wá wò. Ìyá àgbà ní Yewa mọ ìkùukùu náà. Ẹ̀rọ ni kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa.

Fún ìgbà tí ó gùn ju ọjọ́ márùn-ún lọ, ọ̀nà mìíràn wà. Lẹ́yìn ọ̀dá ńlá tí ó ba Sahel jẹ́ ní àwọn ọdún 1970, tí ó tún padà ní 1983 àti 1984, àwọn ìjọba dá ibùdó ACMAD sílẹ̀ sí Niamey ní 1987. Láti 1998 ni àwọn onímọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ń pàdé kí òjò tó wọlé. Wọ́n ń wo bí òkun ti gbóná tó, wọ́n ń fi ìṣirò oríṣiríṣi wé ara wọn, wọ́n sì ń jùmọ̀ fẹnu kò. Ní Nàìjíríà, iléeṣẹ́ NiMet, tí òfin 2003 dá sílẹ̀, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ìgbà òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ọjọ́ tí òjò yóò fìdí múlẹ̀, ìgbà tí yóò dáwọ́, àti bí yóò ti pọ̀ tó.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ká ní a sọ pé ó tó ìdá 50 nínú 100 pé òjò yóò kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Ìyẹn kì í ṣe pé òjò yóò kéré dandan. Ìdá 50 mìíràn ṣì wà. Àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kò ní fi oko sílẹ̀, kò sì ní kó gbogbo irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Yóò gbin apá kan, yóò fi apá kan pamọ́, yóò sì fi gbágùúdá tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀rí tí ó burú jù lọ ti Ìbàdàn wá. Gbogbo wa mọ̀ pé òjò máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, nítorí pé ojúkò òjò ti tẹ̀lé oòrùn lọ sí Òkè Ọya. Síbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 ni Ògùnpa ya, èyí tí àwọn ará ìlú sọ ní Omíyalé, ó sì pa ju 100 ènìyàn lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, àgbàrá tún pa ju 100 lọ nínú ìlú kan náà. Ìsinmi òjò kì í ṣe májẹ̀mú. Ní 2012, àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ti kìlọ̀ kí omi Ọya àti Bénúè tó kún; síbẹ̀ 363 ènìyàn kú, ju mílíọ̀nù méjì lọ sì sá kúrò nílé. Ní 2022, ìkìlọ̀ tún ṣáájú, àwọn tí ó kú sì ju 600 lọ.

Kí ni ìtàn yìí wá kọ́ wa? Ìmọ̀ àgbà ń sọ ohun tí ó wà nítòsí, ẹ̀rọ ń sọ ohun tí ó wà lókèèrè, àkọsílẹ̀ ni ó ń so méjèèjì pọ̀. Ayétòrò kò sì ṣàìní ilé ìmọ̀. Comprehensive High School ti wà níbẹ̀ láti 1963, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Olabisi Onabanjo náà wà níbẹ̀. Ohun-èlò tí a fi ń wọn òjò kò ju agolo àti ọ̀pá ìwọ̀n lọ. Kíláàsì tí ó bá ń kọ òjò sílẹ̀ láràárọ̀, tí ó sì fi ìwé náà lé kíláàsì tí ń bọ̀ lọ́wọ́, yóò fún àwọn àgbẹ̀ Yewa ní ohun tí Reading kò lè fún wọn. Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni ó kù sí.