Ojú Òkè àti Igbó Ọparun

Ẹ̀yin òǹwòran wa, ẹni tó bá gba Challenge kọjá n'Ìbàdàn lè rí ọparun lábẹ́ ilé alájà tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Òun ló ń gbé dẹ́kìn ró títí kọnkéré yóò fi gbẹ. Ìbéèrè tiwa ni pé: ta ló mọ iye tó kù nínú igbó tí wọ́n ti ń gé e wá?

Fífi ojú òkè wo igbó kì í ṣe tòní. Láàárín ọdún 1976 sí 1978, ìjọba àpapọ̀ fi rédà inú ọkọ̀ òfuurufú ya àwòrán Nàìjíríà, wọ́n sì fi ṣe máàpù igbó àti ilẹ̀ oko. Rédà ni wọ́n lò nítorí pé àwọsánmà kò lè dí i lójú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2003, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ tiwa, NigeriaSat-1, gbéra láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà.

Síbẹ̀, ilẹ̀ tó gùn tó mítà 32, tó sì fẹ̀ tó mítà 32, ni àmì kan ṣoṣo nínú àwòrán rẹ̀. Ìdí ọparun kan létí odò kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ àti ìgbẹ́ a bò ó mọ́lẹ̀. NigeriaSat-2 ti ọdún 2011 ríran jù ú lọ, títí dé mítà 2.5. Ṣùgbọ́n bí ojú òkè ti wù kó mú tó, ó ṣòro fún un láti ya ọ̀pá ọlọ́dún kan sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ti gbó. Agégi tó mọṣẹ́ ló mọ̀ ọ́n. Bí a bá sì ń gé ọ̀dọ́ pọ̀ mọ́ àgbà, ìdí ọparun yóò rẹ̀yìn.

Nítorí náà, iṣẹ́ ojú òkè ni láti fi àwòrán àtijọ́ lé tuntun lórí nínú kọ̀ǹpútà, kí ó fi ibi tí igbó ti ń ṣí hàn wá. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni láti dé ibẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Gbòǹgbò ọparun a máa di bèbè odò mú, Ìbàdàn kò sì gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, tí Ògùnpa kún ya ìlú. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìmọ̀ igbó ti wà ní Jericho níhìn-ín láti ọdún 1954. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ sétí odò, tàwọn ti máàpù lọ́wọ́, kí ẹ sì bá agégi sọ̀rọ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.