Eruku Ọyẹ́ Tó Ń Dé Ògúdù

Àbúrò mi ní àsímà, nítorí náà eruku ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré nílé wa ní Ògúdù. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti Bodélé ní Chad, níbi tí adágún ńlá kan gbẹ sí. Karawun àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ín inú omi náà wà nínú rẹ̀: òmíràn pẹlẹbẹ, òmíràn gùn gbọọrọ. Darwin kọ̀wé nípa irú eruku bẹ́ẹ̀ ní 1846. Orí ọkọ̀ ojú omi ló ń bọ́ sí. Ní 1922, G. B. Jeffery ṣe ìṣirò bí ohun tí kò rí roboto ṣe ń ta òkìtì nínú ìṣàn. Ìṣàn tó rọra ń lọ ni tiẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kì í rọra! Ṣùgbọ́n ohun pẹlẹbẹ máa ń pẹ́ kó tó balẹ̀ ju roboto tó wúwo bákan náà lọ. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí eruku Chad lè bá àbúrò mi lórí bẹ́ẹ̀dì.