Ta Ni Yóò Nu Ilẹ̀? Láti Orí Ọwọ̀ dé Orí Rọ́bọ́ọ̀tì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ mi, tí iṣẹ́ ti gbé lọ sí òkè òkun, fi àwòrán ránṣẹ́ sí mi pé kí n yan èyí tí ó bá wù mí nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kan tí ń fúnra wọn nu ilẹ̀ ilé. Orúnkún ń dun ìyá wọn, kò sì lè máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ti kọ́kọ́ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lọ mú ọmọdé kan wá láti abúlé. Mo kọ̀, ìdí tí mo fi kọ̀ yóò sì hàn níwájú. Ṣùgbọ́n kí n tó yan ẹ̀rọ, ìbéèrè méjì ni mo bi ara mi: irú ilẹ̀ wo ni ó wà nínú ilé mi, ta ni ó sì ti ń bá wa tọ́jú ilẹ̀ láti ayé àwọn baba wa? Ìbéèrè kejì yìí ni kò jẹ́ kí n tètè dá àwọn ọmọ lóhùn.

Ilẹ̀ àti ọwọ̀ ní ayé àtijọ́

Ẹni tí ó bá rò pé inú ẹrẹ̀ ni àwọn baba ńlá wa ń gbé kò tíì dé Ilé-Ifẹ̀. Láàrin nǹkan bí sẹ́ńtúrì kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àpáàdì ni wọ́n fi ń tẹ́ àgbàlá àti ojúde níbẹ̀. Wọ́n á to àpáàdì náà ní ìnàró, wọn á kì wọ́n mọ́ ara wọn bí ọmọ àgbàdo ṣe ń tò lára ṣùkù, wọn á sì fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ṣe ọnà sí i láàrin. Peter Garlake, awalẹ̀pìtàn, hú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ jáde ní Wóyè Àṣírí àti ní ilẹ̀ Ọbalára ní àwọn ọdún 1970. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ títí dé ilẹ̀ Benin àti Togo. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ rẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀. Bí ìtàn yìí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mímọ́ ti wọ inú ìṣèlú wa láti ìgbà pípẹ́.

Ní ilé mẹ̀kúnnù, amọ̀ ni ilẹ̀. Wọ́n á lù ú títí yóò fi le, wọn á wá fi ìgbẹ́ màlúù tàbí omi èèpo èso igi irúgbá pa á kí ó lè dán, kí ó má sì máa tú eruku. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fẹ́ omi púpọ̀. Ọwọ̀ tí a ha lára imọ̀ ọ̀pẹ ni ó bá a lára mu, nítorí pé ó ń gbá eruku lọ láì ha ilẹ̀. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra ohun ìtọ́jú ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ọwọ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀rọ: ilẹ̀ ni ó ń yan ohun tí a ó fi tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọdé ni wọ́n ń gbálẹ̀ ní ìdájí. Wọ́n ka ilẹ̀ gbígbá lóru sí èèwọ̀, nítorí pé ohun iyebíye lè ti bọ́ sílẹ̀, kí a sì gbá a dànù nínú òkùnkùn. Ọmọ tí ó ń gbálẹ̀ ni ó máa ń rí abẹ́rẹ́ tí ìyá àgbà ti ń wá láti àná. Òun náà ni ó ń kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ti dé tàbí pé òrùlé ti ń jò. Nítorí náà, ilẹ̀ gbígbá kọjá kí a kó pàǹtí dànù. Ó jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń bẹ ilé wò lójoojúmọ́.

Síbẹ̀, kí a má ṣe fi ayé àtijọ́ ṣe ọ̀run. Ní ilé ọlọ́rọ̀, ẹrú àti ìwọ̀fà ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ilé. Ìwọ̀fà yàtọ̀ sí ẹrú: ọmọ ìlú ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni èlé lórí owó tí a yá. Bàbá tí gbèsè bá ká mọ́ lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà yóò máa sìn títí ọjọ́ tí a ó san owó ọ̀hún pé, iye ọdún tí ó bá sì fi ṣiṣẹ́ kò dín kọ́bọ̀ kan kù nínú rẹ̀.

Sìmẹ́ǹtì dé, omi dé

Nígbà tí ó di sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ilẹ̀ ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Badagry, tí a gbà pé ó jẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, parí ní 1845. Àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Brazil padà dé sì kọ́ ilé alájà sí Èkó. Sìmẹ́ǹtì ń ti òkè òkun wọlé, títí ilé iṣẹ́ Ewékorò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nítòsí ní 1960. Lẹ́yìn èyí ni tẹràsó gbòde, lẹ́yìn tẹràsó ni táìlì.

Ilẹ̀ amọ̀ kò fẹ́ omi, ṣùgbọ́n ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì ń béèrè omi lójoojúmọ́. Ọwọ̀ nìkan kò tó mọ́. Àkísà, ọṣẹ àti garawa dé, ẹni tí ń nu ilẹ̀ sì kúnlẹ̀. Mọ́ọ̀pù ni ó gbé onítọ̀hún dìde. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹfà ọdún 1893, ìjọba Amẹ́ríkà fún Thomas W. Stewart, ọkùnrin adúláwọ̀ kan ní ìlú Kalamazoo, ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí mọ́ọ̀pù kan tí ó ní ọ̀pá kékeré tí a fi ń fún omi rẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà tí wọ́n fi òpin sí oko ẹrú ní Amẹ́ríkà. Mi ò rò pé ó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé láti inú ìran tí a fi ipá mú kúnlẹ̀ ni irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ti jáde.

Èmi fúnra mi mọ ilẹ̀ tẹràsó dáadáa, nítorí pé orí orúnkún ni mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ìbátan wa kan ní Ìbàdàn kí n lè ráyè kàwé. Yàrá márùn-ún àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ni mo ń nù kí ilẹ̀ tó mọ́. Mọ́ọ̀pù wà nínú ilé náà, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé ní mọ́ọ̀pù kì í dé kọ̀rọ̀, àkísà ni kí n lò. Bí mo bá pẹ́ dé ilé ìwé, ẹgba ń dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. Wọn kò pè mí ní ìwọ̀fà rí. “Ọmọ wa” ni wọ́n ń pè mí. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń nu ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ tí wọ́n bí, mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń hanrun.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 kọ̀ kí a gba ọmọdé síṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ níbi tí kì í ṣe ilé tàbí agbo ẹbí rẹ̀. Òfin tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n inú agbo ẹbí ni èmi wà. Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ mi.

Ìwọ̀fà onírin

Ó wá ku ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi orúkọ rẹ̀ wò. Ní 1920 ni Karel Čapek, òǹkọ̀wé ará Czech, kọ eré oníṣe kan tí ó pè ní R.U.R., nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe. Josef ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó bá a wá orúkọ fún wọn: robot. Láti ara ọ̀rọ̀ náà robota ni ó ti wá, èyí tí í ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ mẹ̀kúnnù gbọ́dọ̀ ṣe fún onílẹ̀. Ọdún 1848 ni wọ́n tó fi òpin sí i ní ilẹ̀ ọba Austria. Bí a bá ní kí a wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún un, ìwọ̀fà ni ó sún mọ́ ọn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbèsè ni ó so ìwọ̀fà mọ́ olówó rẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ ni ó so ti àwọn ará Czech. Nínú eré Čapek, àwọn robot ṣọ̀tẹ̀, wọ́n sì pa ènìyàn run. Ẹni tí ó sọ ẹ̀rọ ní orúkọ mọ ohun tí ó wà nínú ọkàn ẹni tí a fi ipá mú sìn.

Ti inú ilé kò le tó bẹ́ẹ̀. Ní 2001, ilé iṣẹ́ Electrolux ti Sweden gbé Trilobite sórí àtẹ. Ní 2002, iRobot ti Amẹ́ríkà gbé Roomba jáde. Agbálẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí, eruku nìkan ni wọ́n ń fà. Ní 2005 ni iRobot kéde Scooba, tí ó ń da omi ọṣẹ sílẹ̀, tí ó ń fọ ilẹ̀, tí ó sì ń fa omi ìdọ̀tí náà padà. Àwọn Roomba àkọ́kọ́ ń rìn bí ẹni tí a di lójú: wọ́n á kọlu ògiri, wọn á yà. Láti nǹkan bí 2010 ni àwọn tí ń fi ìtànṣán lésà wo ògiri, tí wọ́n sì ń ya àwòrán ilé sínú ara wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọjà.

Èwo ni kí a wá yàn? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wo ilẹ̀ yín. Táìlì àti tẹràsó dára fún un; sìmẹ́ǹtì tí ó rí págunpàgun yóò ya aṣọ rẹ̀. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè gun ohun tí ó bá ga ju sẹ̀ńtímítà méjì lọ. Lẹ́yìn èyí, ẹ ronú nípa ọyẹ́. Bí ẹ̀rọ bá da omi sórí eruku ọyẹ́ láì kọ́kọ́ gbá a, ẹrẹ̀ ni yóò fi kun ilé. Nítorí náà, ẹ ra èyí tí ó ń fa eruku, tí ó sì ń nu ilẹ̀ pọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà nu ilẹ̀. Àwọn kan ń wọ́ aṣọ pẹlẹbẹ kan kiri. Wọ́n lè gbé epo pupa láti ilé ìdáná wá sí pálọ̀. Àwọn kan ní aṣọ róbótó méjì tí ń yí, tí wọ́n ń tẹ ilẹ̀ kí wọ́n lè bó àbàwọ́n. Àwọn tí ó dé kẹ́yìn ní aṣọ gbọọrọ tí ń yí bí ọlọ, tí ẹ̀rọ ń fi omi tútù ṣan bí ó ti ń lọ. Èyí ni ó mọ́ jù, òun náà sì ni ó wọ́n jù. Àwọn kan ní ibùdó ńlá tí ń fọ aṣọ náà, tí ó sì ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ ẹ́. Níbi tí iná ọba kò bá ti dúró, ibùdó bẹ́ẹ̀ lè di àga lásán. Bátìrì ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, ọwọ́ wa sì lè fọ aṣọ.

Ojú ẹ̀rọ ni ó gbẹ̀yìn. Ní ìparí ọdún 2022, ìwé ìròyìn MIT Technology Review tú àṣírí pé àwòrán tí àwọn Roomba kan yà ní 2020 ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti obìnrin kan tí ó jókòó nínú ilé ìyàgbẹ́ sì wà nínú wọn. Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe àyẹ̀wò ni, àti pé àwọn tí wọ́n gbà wọ́n sílé ti fọwọ́ sí i. Ohun tí èmi rí kọ́ ni pé kí n ra èyí tí ń fi lésà mọ̀nà, tí kò ní kámẹ́rà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe: ẹ̀rọ alésà, aláṣọ róbótó méjì, tí kò ní ibùdó ńlá. Ó nu ilé dáadáa ju bí mo ti rò lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, a fi í sílẹ̀ kí ó ṣiṣẹ́ lóru. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó mi wá iyùn kan tí ó já bọ́ lára ẹ̀gbà ọrùn ìyá rẹ̀, kò rí i. Nígbà tí mo tú àpò eruku ẹ̀rọ wò, inú rẹ̀ ni mo ti bá a. Ọmọ tí ń gbálẹ̀ ì bá ti gbé e wá bá wa ní àtẹ́lẹwọ́.

A kò dá ẹ̀rọ náà padà. Ọ̀sán ni a ń lò ó báyìí. Kí ó tó gbéra, a máa ń rìn yí ilé ká, a ń wo abẹ́ àga, a ń ṣa ohun tí ó bá bọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹrú ni a rán an, bí ẹrú náà ni ó sì ń jẹ́ ẹ. Tọmọ wà lọ́rùn wa. Èyí kò burú lójú mi. Ó ti tó ìgbà tí ó yẹ kí àwọn ọmọdé ilé wa sùn di ojúmọ́, kí wọ́n sì dé ilé ìwé ní àsìkò.